Ọjọ́ Tí Kannakánná Kò Wá Jẹun

Ẹ̀rù ni wọ́n fi wo Waman dàgbà. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú láìdáa o, ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí à ń gbé ní àdúgbò alágbẹ̀dẹ bàbà ní ìlú Wai la mọ Sakharam bàbá rẹ̀, a sì mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Bí wàrà tí oníwàrà gbé wá bá ti ṣàn jù, Sakharam á gbé àwo náà sókè, á ní, "Ẹ rí i? Ìgbà Kali nìyí." Bí òjò bá rọ̀ nígbà tí kò yẹ kó rọ̀, Kali ni. Bí ọmọ ẹnìkan bá jágbe mọ́ bàbá rẹ̀ lójú títì, Kali náà ni. Nígbà tí àwọn obìnrin wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìkòkò funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe dípò ìkòkò bàbà, ọkùnrin náà ju òòlù sílẹ̀, kò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Waman kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ tí bàbá rẹ̀ ti ń mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àgbẹ̀dẹ, tó ń là á yé e. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n pín ayé sí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, òdodo dúró bí akọ màlúù lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ìgbà kejì ó ku mẹ́ta, ní ìkẹta ó ku méjì. Ní tiwa yìí, Ìgbà Kali, tó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn, ẹsẹ̀ kan péré ló ṣẹ́kù fún un, ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Bàbá, ìgbà wo ni màlúù náà máa wá ṣubú?"

"Kò tíì yá. Ọ̀kẹ́ mọ́kànlélógún ọdún àti ẹgbàá mẹ́fà ni wọ́n dá fún Kali. A ò tíì lò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ò ń rí yìí, àárọ̀ rẹ̀ ni. Alẹ́ rẹ̀ ṣì ń bọ̀."

Ọmọ wo ló máa gbọ́ irú èyí tó máa sùn? Waman tọ̀ sórí ẹní títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa létí odò, àwọn obìnrin sì rẹ́rìn-ín títí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi lọ. Nígbà tó di géńdé tán, kò sí ẹni tó lè lu bàbà bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa, ṣùgbọ́n bí ajá bá gbó lẹ́yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Ó ń bẹ̀rù ẹnu àwọn èèyàn. Ó ń bẹ̀rù Narhari, àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwa alágbẹ̀dẹ. Èyí tó bẹ̀rù jù lọ ni kí ó má lọ jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀nà òun ni ibi máa gbà wọlé.

Ẹ wá wo Sumati, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ilé kan náà ni wọ́n gbé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́, kò sì tu irun kan lára rẹ̀. Bí bàbá wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ màlúù ẹlẹ́sẹ̀ kan, Sumati á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀pá fún un kó máa fi tilẹ̀." Sakharam á bú sẹ́rìn-ín láìfẹ́. Òun nìkan ló lè pa ọkùnrin yẹn lẹ́rìn-ín.

Sumati yìí náà ló bá olùkọ́ kan lọ sí ìlú Satara, tó sì fẹ́ ẹ. Dagdu lorúkọ olùkọ́ ọ̀hún, ọmọ àwọn tó ń ran bàtà ni, àwọn tí àwọn bàbá wa kì í gba omi mu lọ́wọ́ wọn. Yéè! Àdúgbò gbóná. Sakharam kò pariwo. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kan, ó rọ omi kún un, ó gbé e lọ sí etí odò Krishna, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wa, ó sì wẹ̀ bí a ṣe máa ń wẹ̀ fún òkú. Ó padà sílé, ó ní òun kò bí ọmọbìnrin rí. Kali ti wọ ilé òun, òun sì ti lé e jáde. Fún ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Sumati nínú ilé yẹn.

Àárín oṣù kìíní ọdún 1962 ni Sakharam dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìgbà tó sì burú jù lọ láti kú ló yàn. Gbogbo ìlú ló ń gbọ̀n. Àwọn awòràwọ̀ ti kéde pé mẹ́jọ nínú àwọn ìràwọ̀ ńlá ojú ọ̀run, oòrùn àti òṣùpá pẹ̀lú wọn, máa kóra jọ sójú kan láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì. Wọ́n ní ilẹ̀ máa ya, wọ́n ní odò máa gòkè. Wọ́n ní Kali kò ní dúró pé ọdún tí wọ́n dá fún un mọ́. Ní gbogbo ojúbọ ni àwọn àlùfáà ti ń da òrí wàrà yíyọ́ sínú iná tọ̀sán-tòru, èéfín bo ìlú pátápátá. Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an, mo ra kẹ́rọ́sìnì agolo méjì pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, bí ẹni pé ayé tó bá parẹ́ ṣì máa nílò àtùpà.

Ní ọjọ́ kejì tí Sakharam dùbúlẹ̀, ó ní kí Waman sún mọ́ òun.

"Kọ̀wé sí Sumati," ó ní. "Sọ fún un kó wá."

Etí Waman dún gbọ̀n-ìn. Ó dá a lóhùn pé ó ti yé òun, ó jáde, ó sì gba ilé Narhari lọ tààrà. Narhari gbọ́ ọ tán, ó pòṣé.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá, Waman? Bàbá ẹ ń ṣàìsàn, kò mọ ohun tó ń sọ. Bí obìnrin yẹn bá fẹsẹ̀ kan tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn, ta ló máa gbé òkú fún ẹ? Ìwọ nìkan? Àwọn ará Pune tó ń bọ̀ wá wo Nalini fún ọmọ wọn ńkọ́? Wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì fi ọmọ ẹ sílẹ̀ sọ́rùn ẹ. Ní irú ọ̀sẹ̀ yìí! O ò wo òkè ni?"

"Mò ń wò ó, Bàbá Kékeré."

"Tọ́ò. Lọ sílé."

Nalini ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Waman bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Waman ro tirẹ̀, ó ro ti ìràwọ̀ mẹ́jọ, ó sì lọ sílé. Kò kọ ìwé kankan. Ní ọjọ́ kẹta bàbá béèrè pé, "Ṣé o ti kọ ọ́?" Waman ní, "Mo ti kọ ọ́, Bàbá." Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti ń lọ, ó tún la ojú. "Ṣé Sumati ti dé?" Waman ní, "Ó wà lójú ọ̀nà." Sakharam yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, kò sì yí i padà mọ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà nígbà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ bí ọjọ́ kẹwàá ṣe rí. Bí a ṣe máa ń ṣe ni pé ọmọkùnrin òkú á fárí, á se ìrẹsì létí odò, á pò ó mọ́ yànmọ̀tí, á ṣù ú, á sì gbé e kalẹ̀ fún kannakánná. Bí kannakánná bá jẹ ẹ́, òkú ti gbà, ó ti ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí kò bá jẹ ẹ́, nǹkan kan ń dun òkú, nǹkan tí ó fẹ́ tí kò rí, àyè kò sì ní gbà á láti lọ. Nígbà náà ni àwọn ẹbí á máa ṣèlérí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹyẹ á fi bà. Mo ti rí i kí ẹyẹ bà lójú ẹsẹ̀ tí opó ní òun kò ní ta oko. Ọjọ́ kẹwàá ti Sakharam wá bọ́ sí ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, ọjọ́ Àìkú, àárín gbùngbùn ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù.

Àlùfáà Gopalbhat bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ètùtù, nípa pípe ibi tí a wà àti àkókò tí a wà: etí odò báyìí, oṣù báyìí, ọjọ́ báyìí, ìdá kìíní nínú Ìgbà Kali. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ, a kì í tilẹ̀ fetí sí i mọ́. Lọ́jọ́ náà, nígbà tó dé orí "Kali", ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀, mo sì rí i tí àwọn obìnrin fi aṣọ bo ẹnu.

Waman gbé ìrẹsì kalẹ̀ lórí òkúta, ó sì sún sẹ́yìn. Gbogbo wa sún sẹ́yìn. A wo òkè igi, a wo orí ilé òrìṣà. Kò sí kannakánná kan. Ní Wai! Níbi tí wọ́n ti ń já búrẹ́dì bhakri gbà lọ́wọ́ ọmọdé! Lónìí tí mo bá rò ó, mo mọ̀ pé èéfín gbogbo iná yẹn ló lé wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ta ló ń ro èéfín?

"Wọ́n ti lọ," ẹnìkan sọ lẹ́yìn mi. "Àwọn ẹyẹ ti mọ̀. Wọ́n ti fi ayé sílẹ̀ fún wa."

Narhari bọ́ síwájú, ó pàtẹ́wọ́ pọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, a ó fi Nalini fún ọkọ tó dáa. Ẹ máa lọ." A dúró. Ẹyẹ kankan kò wá. Anasuya, ìyàwó Waman, kúnlẹ̀. "Bàbá, àtùpà yín kò ní kú níwájú òrìṣà. Mo búra." A tún dúró. Ẹnìkan ṣèlérí pé àgbẹ̀dẹ kò ní di títà. Oòrùn ń gòkè, agogo ilé òrìṣà kò dáwọ́ dúró, ìrẹsì ń gbẹ lórí òkúta.

Gopalbhat nu ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba òun náà, mo rí i. "Nǹkan kan ń dí ọkùnrin yìí lọ́nà," ó ní. "Ẹni tó bá mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó sọ ọ́ báyìí. Bí ohun tí wọ́n ń wí bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, kò ní sí odò tí a máa padà wá bá. Ibi tó wà yìí náà ló máa wà, láìsí ẹni tó máa bu omi fún un."

Gbogbo ojú yí sí Waman. Mo rí i tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, mo rò pé ọ̀fọ̀ ló fà á. Ó mọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá rẹ̀. Òun àti Narhari nìkan ló mọ̀ ọ́n lábẹ́ ọ̀run. Ó la ẹnu, ó rí ojú Narhari, ó rí Nalini tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì pa ẹnu náà dé.

"Mi ò mọ nǹkan kan," ó ní.

Ni Gopalbhat bá ṣe ohun tí à ń ṣe nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sú wa. Ó fi koríko hun kannakánná kékeré kan, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ìrẹsì, ó ní ó ti parí. Kò sí ẹni tó gbà pé ó ti parí. Kíá la tú ká, kálukú sáré gba ilé rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Waman kò lè jókòó. Bó bá di ojú, ó ń rí bàbá rẹ̀ tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó rò ó pé bí ayé bá fọ́ lọ́la, bàbá òun máa wà nínú òfìfo títí láé, ebi á máa pa á, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà, irọ́ òun ló sì so ó mọ́ ibẹ̀. Èyí wá ju ẹ̀rù Narhari lọ. Ó wọ bàtà. Anasuya dí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Nalini, níbo? A wà nínú ọ̀fọ̀! Wọn kì í rin ìrìn àjò lónìí!"

"Yà fún mi," Waman ní. Obìnrin náà kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì yà.

Bọ́ọ̀sì Satara ṣófo. Awakọ̀ ti so ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata mọ́ iwájú ọkọ̀ lọ́nà mẹ́ta láti fi lé ibi, ó sì ń gbàdúrà ní gbogbo kọ́nà. "Ẹ̀yin nìkan lẹ jáde lónìí," ó sọ fún Waman. "Ẹ̀yin àti èmi tí ọ̀gá ní òun máa lé dànù bí mi ò bá wa ọkọ̀." Láti Wai dé Satara, Waman kò gbé ojú sókè wo ọ̀run.

Ẹnu ọ̀nà ló bá Sumati, tó ń fi eérú fọ abọ́. Iwájú orí rẹ̀ ti funfun. Ó wo orí fífá àbúrò rẹ̀, kò dìde.

"Ọjọ́ kẹwàá rèé," ó ní. "Kí lo wá wá níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbọ́?"

"Oníbọ́ọ̀sì ló sọ fún Dagdu lọ́jà. Oníbọ́ọ̀sì, Waman! Ọmọ ìyá mi wà láyé, oníbọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ikú bàbá mi."

Waman jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú. "Kannakánná ò wá, ẹ̀gbọ́n mi. A dúró láti àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Gbogbo wa la ṣèlérí. Wọn ò wá. Bàbá ò lọ."

Sumati fi abọ́ sílẹ̀.

"Kí ló fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?" ó ní. "Ó ti jẹun níbí."

"Ta ni?"

"Mo se ìrẹsì ní ìdájí. Mo pò ó mọ́ yànmọ̀tí. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í ṣe é, mo sì mọ̀ pé Bàbá ti fọ́ ìkòkò nítorí mi, pé òkú ni mí lójú rẹ̀. Mo gbé e sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, 'Bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ gbà mí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà má fi èpè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi.' Mi ò tíì yí ẹ̀yìn padà tí kannakánná kan fi já wálẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán porogodo. Mo rò pé ebi lásán ló ń pa á."

Waman ṣírò àkókò náà. Nígbà tí oòrùn ń yọ, kí òun tó fárí, kí Gopalbhat tó ka ohunkóhun, ó ti tán. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bẹ bàbá rẹ̀ létí odò, bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò dúró dè é rárá. Ẹ̀rù tó bà á nígbà yẹn, ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ti ìràwọ̀ mẹ́jọ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kò fi èpè sílẹ̀ fún yín," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Ó ní kí n kọ̀wé sí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè yín. Mi ò kọ ọ́. Mo ní mo ti kọ ọ́."

Sumati dìde, ó sì gbá a létí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó kún fún eérú. Ó tún gbé ọwọ́ náà sókè, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ọjọ́ mẹ́wàá," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́wàá ni mi ò fi sùn, tí mò ń dìde lóru lọ fọwọ́ kan àyà àwọn ọmọ mi bóyá wọ́n ṣì ń mí. Èpè tí kò sí ni mò ń bẹ̀rù."

Àwọn ará ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run kí ọ̀run má wó.

"Sọ ọ́ fún mi," Sumati ní. "Bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

"Ó ní, 'Ṣé Sumati ti dé?'"

"Ojú wo ló fi sọ ọ́? Ṣé inú ń bí i?"

"Rárá. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà."

"Kí ni ìwọ wá dá a lóhùn?"

Waman fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Mo ní ẹ wà lójú ọ̀nà."

Sumati fa aṣọ bo ojú. Ó sunkún títí, Waman rò pé kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́ láti abẹ́ aṣọ pé kó tún un sọ. Waman tún un sọ. Ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tí bàbá sọ nìkan, kó má fi tirẹ̀ kún un. Waman ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn sì lọ láìgbé e.